Ilé Akọ̀wé Kòkó: Àkọsílẹ̀ Ọ̀rọ̀ Ilé Gbígbà Kan Ní Èkìtì

Ilé tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí wà ní ẹ̀yìn ìlú kan ní ìhà Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì, láàrin àwọn òkè tó yí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè àti Ìkògòsí ká. N kò ní dárúkọ ìlú náà, n kò sì ní dárúkọ ẹbí tó ni ín, torí ọ̀rọ̀ ti yanjú, wọ́n sì ti jọ ń jẹ, wọ́n jọ ń mu. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn á ṣáà mọ irú ọgbà tí mò ń sọ. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ńlá ló wà níwájú, òpó sìmẹ́ńtì róbótó-róbótó ló gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè rẹ̀ dúró. Sàréè bàbá tó kọ́ ọ wà ní ojúde, wọ́n ti lẹ táìsì mọ́ ọn. Igi obì wà, ọsàn wà, àgbọn méjì wà. Sítọ́ọ̀ kòkó kan tó gùn gbọọrọ wà lápá òsì, páànù rẹ̀ ti pọ́n bí osùn. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni ilé kékeré kan dá dúró sí, yàrá méjì àti pálọ̀, ilé ìdáná lọ́tọ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kọjú sí òkè. Níwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ni pèpéle sìmẹ́ńtì kan wà tó fẹ̀ tó ibi tí mọ́tò mẹ́fà lè dúró sí. Ẹ fi pèpéle yẹn sọ́kàn.

Bàbá tó kọ́ ọgbà náà jẹ́ ejẹ́ńtì kòkó, oníláísẹ́ńsì. Ní 1947 ni ìjọba dá ìgbìmọ̀ tó ń ra kòkó sílẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà, ní 1954 ó bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a bọ̀ títí wọ́n fi pa irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ rẹ́ ní 1986. Ní ayé ìgbà náà, ẹni tó bá ń ra kòkó fún ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ ní sítọ́ọ̀, ó gbọ́dọ̀ ní ìwọ̀n, ó sì gbọ́dọ̀ ní akọ̀wé tó mọ ìṣirò. Akọ̀wé sì sábà máa ń jẹ́ ará ibòmíràn. Fún un ni Bàbá kọ́ ilé kékeré náà, pé kó máa gbé ibi tí ojú rẹ̀ á ti máa tó ìwọ̀n. Lẹ́yìn 1986, tí iṣẹ́ akọ̀wé tán, ìyàwó kẹrin Bàbá kó lọ síbẹ̀. Ibẹ̀ ló gbé di arúgbó, ibẹ̀ ló kú sí. Ẹ fi ìyẹn náà sọ́kàn.

Ẹni tó wá gbà á jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú tó ti fi gbogbo ayé ṣe iṣẹ́ ìṣirò owó ní Èkó, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìntì ni. Ilé tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé ní Ṣómólú, jẹnẹrétọ̀ lápá ọ̀tún, ẹ̀rọ gbohùngbohùn lápá òsì, àwọn oní-wẹ́dà níwájú. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Dókítà ní kó wá ibi tó dákẹ́ lọ sinmi. Wọ́n kọ́kọ́ lọ sí Ìkògòsí, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣe. Kò sẹ́ni tó dé ibẹ̀ tí kò ní fẹ́ràn ibẹ̀: omi gbígbóná ń sun níhìn-ín, omi tútù ń sun lọ́hùn-ún, wọ́n pàdé, wọ́n jọ ń ṣàn lọ, ìkọ̀ọ̀kan sì di tirẹ̀ mú. Ẹni tó bá ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ ibi tí wọ́n ti pàdé, ẹsẹ̀ kan á máa lọ́ wọ́ọ́rọ́, èkejì á máa gan. Láti 1952, tí ajíhìnrere ọmọ Amẹ́ríkà kan, John McGee, ti mú àwọn Onítẹ̀bọmi dé ibẹ̀, ni wọ́n ti sọ àyíká omi náà di ibùdó, kí ìjọba tó wá kọ́ ilé ìgbafẹ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n alẹ́ ni wọ́n ń ka owó sí níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gbé ọdún méjì kò lè máa sanwó alẹ́.

Awakọ̀ tó gbé wọn ló sọ fún wọn nípa ilé akọ̀wé kòkó. Ó mọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni náà, tí mo máa pè ní Oníkọ́kọ́rọ́ nínú àkọsílẹ̀ yìí, jẹ́ ọmọ ìyàwó kejì. Òun nìkan ló ń gbé ilé nínú àwọn ọmọ Bàbá, òun ló ń roko ọgbà, òun ló ń gbá ewé. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Mo fẹ́ kí èyí yé yín dáadáa, torí ẹni tó bá ka ìyókù á fẹ́ sọ ọ́ di olè.

Wọ́n wo ilé, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti orí òkè, ní àárọ̀ kùrukùru bo gbogbo ẹ̀yìn ọgbà. Ìyàwó ní òun gbọ́ ohùn ẹyẹ tí òun kò gbọ́ láti ìgbà tí òun ti kúrò ní abúlé. Owó ilé jẹ́ ₦350,000 lọ́dún. Wọ́n san ọdún méjì, ₦700,000, sínú àpò ìfowópamọ́ Oníkọ́kọ́rọ́ fúnra rẹ̀. Wọ́n tẹ ìwé ojú kan ní ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà létí ọjà. Mo ṣì ní ẹ̀dà rẹ̀. Ó ní Oníkọ́kọ́rọ́ ni "onílé". Ó ní ohun tí wọ́n gbà ni "ilé yàrá méjì àti pálọ̀ pẹ̀lú ohun gbogbo tó so mọ́ ọn". Ó ní ayálégbé á máa gbé níbẹ̀ láìsí ìdíwọ́. Ó tán. Kò sí ààlà ilẹ̀, kò sí orúkọ ẹbí, kò sí ẹlẹ́rìí àyàfi awakọ̀.

Ohun kan wà tí ọmọ Ìjẹ̀bú yìí ṣe tó wá gbà á là lẹ́yìn náà. Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kó dé, ó béèrè pé ta ni àgbà ilé. Wọ́n ní olórí ẹbí wà ní àdúgbò kejì, àbúrò Bàbá tó kọ́lé ni, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó ra obì, ó ra ọtí, òun àti ìyàwó rẹ̀ wọ aṣọ, wọ́n lọ kí i. Àlejò gidi kúkú ni. Olórí ẹbí gba obì, ó pa á, ó sì ṣe àdúrà pé ilé á tù wọ́n lára.

Láti oṣù kárùn-ún tí wọ́n dé títí di oṣù kẹsàn-án, kò sẹ́ni tó bá wọn jà. Ìyàwó gbin ẹ̀fọ́ sẹ́yìn ilé ìdáná. Ọkọ ń ka ìwé lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mọ́tò wọn ń dúró lórí pèpéle. Ohun kan ṣoṣo tó ń dí wọn lọ́wọ́ ni odó: lọ́sàn-án gangan, tí wọ́n bá fẹ́ sùn díẹ̀, àwọn ìdílé tó wà lẹ́yìn ọgbà á bẹ̀rẹ̀ sí í gún iyán, gbì, gbì, gbì, láti ilé kan dé èkejì. Ìyàwó rojọ́ fún Oníkọ́kọ́rọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbé iyán wá fún wọn.

Oṣù kẹwàá wọlé. Ìgbà yẹn ni kòkó ń pọ́n jù ní ilẹ̀ wa, títí wọ inú oṣù kejìlá. Ní ìdájí ọjọ́ kan, ayálégbé ṣí fèrèsé, òórùn kíkan kan gbá a nímú. Ó wo ìta. Obìnrin méjì àti ọmọkùnrin mẹ́ta ń da apẹ̀rẹ̀ kòkó sórí pèpéle, kòkó tí wọ́n ti bò mọ́ abẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, tó ti kan, tí omi ṣì ń ro lára rẹ̀. Wọ́n ti dà á dé ẹsẹ̀ táyà mọ́tò rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà gbójú sókè, ó kúnlẹ̀ díẹ̀:

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣé ẹ sùn dáadáa? Ẹ dákun, ẹ bá wa sún mọ́tò yín, oòrùn ti fẹ́ yọ."

Ó sún un. Kí ló tún fẹ́ ṣe? Ṣùgbọ́n ó rò pé ọjọ́ kan ni. Ẹni tó bá mọ kòkó mọ̀ pé kì í ṣe ọjọ́ kan. Kòkó gbọ́dọ̀ gbẹ dénú, bí oòrùn bá ràn dáadáa ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan, bí òjò bá ń yọjú ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ rò ó láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, wọ́n á máa ṣa ẹ̀gbin inú rẹ̀, wọ́n á máa sọ̀rọ̀, wọ́n á máa kọrin. Bí òkùnkùn òjò bá ṣú, ariwo á sọ: "Ẹ gbé tàpólíìnì o!" Gbogbo wọn á sáré, tọmọdé tàgbà, ìbáà jẹ́ aago méjì òru. Bí apá kan bá gbẹ, òmíràn á ti dé láti oko. Láti ìgbà tí wọ́n ti da sìmẹ́ńtì pèpéle yẹn ni wọ́n ti ń sá kòkó sórí rẹ̀. Torí kòkó ni wọ́n ṣe dà á. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kékeré yẹn kọjú sí i torí kí akọ̀wé lè máa rí ẹni tó ń jí kòkó gbé. Ẹni tó wá láti Èkó rí i, ó sì pè é ní ibi ìgbọ́kọ̀sí. Wọn kò bi í, òun náà kò sì béèrè.

Ó lọ bá Oníkọ́kọ́rọ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ìwé wa sọ pé ohun gbogbo tó so mọ́ ilé." Níbí ni Oníkọ́kọ́rọ́ ti ṣe ohun tí kò yẹ kó ṣe. Dípò kó sọ òótọ́ pé pèpéle kì í ṣe tirẹ̀ láti fi gbélé fún èèyàn, ó ní kí wọ́n fi nǹkan kún owó, òun á bá àwọn obìnrin sọ ọ́. Wọ́n fún un ní ₦60,000 lówó, láìsí rìsíìtì. Kò bá obìnrin kankan sọ nǹkan kan. Báwo ló ṣe fẹ́ sọ ọ́? Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ọ̀kan, ìyàwó òun fúnra rẹ̀ ni èkejì.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ayálégbé ra búlọ́ọ̀kù, ó tò ó yí pèpéle ká. Àwọn obìnrin dé pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ lórí, wọn kò rí ọ̀nà. Wọn kò bú u. Wọ́n sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀, wọ́n lọ sọ́dọ̀ olórí ẹbí, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti pe Èkó lórí fóònù.

Àwọn tí wọ́n pè ní Èkó ni ọmọ ìyàwó kẹrin, obìnrin mẹ́ta, ọmọ ìyá kan náà. Wọn kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń gbé inú ilé ìyá wọn. Wọ́n wá sílé nínú oṣù kejìlá, kí ọdún tó dé. Wọn kò tilẹ̀ bínú nípa pèpéle. Sítọ́ọ̀ ni wọ́n ṣí. Ibẹ̀ ni Oníkọ́kọ́rọ́ kó ẹrù ìyá wọn sí nígbà tí ayálégbé ń bọ̀: bẹ́ẹ̀dì onírin, ọlọ, àti àpótí onígi tí aṣọ òkè ìyá wọn wà nínú rẹ̀. Ikán ti jẹ ìdí àpótí náà wọlé. Wọ́n fa aṣọ kan yọ, ó já mọ́ wọn lọ́wọ́. Àbíkẹ́yìn wọn jókòó sílẹ̀ nínú erùpẹ̀ sítọ́ọ̀, ó bú sẹ́kún.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni ayálégbé àti ìyàwó rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ní Adó. Nígbà tí wọ́n padà dé ní ìrọ̀lẹ́, àgádágodo tuntun wà lẹ́nu ọ̀nà wọn, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ọkọ sì wà nínú ilé. Wọ́n lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, àwọn ọlọ́pàá ní ọ̀rọ̀ ilé ni, kí wọ́n lọ yanjú rẹ̀ láàrin ara wọn. Ìyàwó pe ẹnì kan nínú ìjọ wọn tó mọ̀ mí. Iṣẹ́ akọ̀wé ni mo ṣe ní kóòtù ìbílẹ̀ kí n tó fẹ̀yìntì, mo sì máa ń bá àwọn èèyàn dá sí irú ọ̀rọ̀ báyìí kó tó di ti kóòtù, torí mo mọ iye ọdún tí faìlì ń lò nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Nígbà tí mo dé, n kò bi ẹnikẹ́ni pé ta ló jàre. Mo bá ẹ̀gbọ́n nínú àwọn obìnrin mẹ́ta náà sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní, "Màmá, oògùn bàbá yìí wà nínú ilé. Bí nǹkan bá ṣe é lálẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ ilé kọ́ ni wọ́n máa pè é mọ́." Ó wo ojú mi, ó yọ kọ́kọ́rọ́ nínú àpò, ó lọ ṣí i fúnra rẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún un láti ìgbà náà. Àgádágodo ni gbogbo wa ń sá tọ̀ bí ọ̀rọ̀ ilé bá ti dé, bẹ́ẹ̀ ó máa ń sọ ẹni tó jàre di ẹni tó jẹ̀bi láàárín wákàtí kan. Bí ayálégbé bá tilẹ̀ jẹ gbèsè, tí ìwé rẹ̀ kò sì dára, òfin kò gbà kí onílé tì í mọ́ta. Ẹni tó ń san owó ọdọọdún, ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà ló tọ́ sí i níbi tí wọn kò bá ti kọ òmíràn sínú àdéhùn, lẹ́yìn náà ìwé ọjọ́ méje pé onílé fẹ́ gba ilé rẹ̀, lẹ́yìn náà kóòtù.

A fi ìpàdé sí ẹ̀yìn Kérésìmesì, torí ìgbà yẹn ni gbogbo ẹbí máa ń wálé. Kí ọjọ́ náà tó pé, mo lọ ka ohun tó yẹ kí n kà, mo sì bá àwọn ìdí-igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyẹn àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan, sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ náà pín sí ọ̀nà méjì.

Àkọ́kọ́, ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ilé náà gbélé? Bàbá tó kọ́ ọ kú láìṣe ìwé ìhágún. Wọn kò pín dúkìá rẹ̀ rí. Nítorí náà dúkìá ẹbí ni gbogbo rẹ̀, láti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dé ilé ìdáná. Láti 1959 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù ti ìjọba àpapọ̀ ti là á kalẹ̀ nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika: bí olórí ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí láìfi lọ àwọn àgbà ẹbí, ìtà náà dúró títí wọ́n á fi lọ gba ìdájọ́ láti fagi lé e, ṣùgbọ́n bí ẹlòmíràn bá tà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ títà ni ẹjọ́ yẹn dá lé lórí, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni wọ́n ń lò bí ó bá kan ilé fífi gbélé. Bí a bá di òfin mú gírígírí, ìwé tí Oníkọ́kọ́rọ́ fọwọ́ sí kò níye lórí ju bébà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí lọ.

Èkejì, ta ló ni ilé kékeré náà gan-an? Àwọn obìnrin mẹ́ta ní ti ìyá àwọn ni. Mo gbọ́ wọn yé, ẹni tó gbé ibì kan títí ó fi kú, ó yẹ kó jẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàwó tó ń gbé inú ilé ọkọ rẹ̀ ń gbé ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ni, kò sọ ọ́ di dúkìá tirẹ̀. Ìpín tó tọ́ sí àwọn ọmọ rẹ̀ nínú dúkìá baba wọn ló ṣẹ́ kù. Ìyẹn sì pé, kò dín nítorí pé obìnrin ni wọ́n: láti 1924, nínú ẹjọ́ Lopez àti Lopez, ni kóòtù ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ọmọbìnrin àti ọmọkùnrin dọ́gba lórí dúkìá ẹbí nílẹ̀ Yorùbá. Mo sọ èyí fún àwọn kan nínú ìdí-igi kìíní tó ń sọ pé obìnrin tó ti relé ọkọ kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n dákẹ́.

Ọjọ́ ìpàdé pé, a jókòó lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Olórí ẹbí wà láàárín. Wọ́n gbé àga fún ayálégbé àti ìyàwó rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Olórí ẹbí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Àlejò wá kí mi. Ó gbé obì wá, ó gbé ọtí wá. Mo ṣàdúrà fún un. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ó sanwó."

Ayálégbé dọ̀bálẹ̀ níbi tó wà. "Bàbá, mo rò pé ẹ̀yin lẹ rán wọn sí mi ni."

"N kò rán wọn." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ṣùgbọ́n n kò bi ọ́ pé kí lò ń ṣe nínú ilé wa. Mo jẹ obì rẹ."

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Olórí ẹbí ti mọ̀ pé àjèjì ń gbé inú ọgbà, ó sì ti súre fún un, oṣù méje sì ti kọjá láìsí ẹni tó ní kó jáde. Kò sí kóòtù tó máa fi ojú ẹni tó fipá gbé ilé onílé wo irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n nínú àwọn obìnrin mẹ́ta lóye rẹ̀ kíá. Ó fi ayálégbé sílẹ̀, ó yíjú sí Oníkọ́kọ́rọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú o. Owó dà?"

Oníkọ́kọ́rọ́ mú ìwé ìdánrawò ọmọ ilé-ìwé kan jáde, ó ti kọ ìnáwó rẹ̀ síbẹ̀. Páànù àti ìṣó tó fi tún òrùlé ilé kékeré ṣe kí ayálégbé tó wọlé, ₦185,000, rìsíìtì wà. Oko ríro, ìdọ̀tí kíkó, iná ìta, kò sí rìsíìtì. Olórí ẹbí ní kí a ka ìyẹn sí ₦75,000, torí ojú gbogbo wọn ló ń rí i pé òun ló ń ro ó. Pẹ̀lú owó pèpéle, ₦760,000 ló wọlé. Ó ku ₦500,000. Ó ní òun ti fi san owó ilé-ìwé ọmọ òun. Kò parọ́, kò sì wá àwáwí. Ó ní òun nìkan ni òun ń ṣọ́ ilé tí gbogbo wọn ń wá ya fọ́tò níwájú rẹ̀ ní Kérésì, kò sì sẹ́ni tó bi òun rí pé kí ni òun fi ń gé koríko. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ ọ̀pọ̀ wọn lára. Wọ́n ní kó san án padà láti inú ìpín kòkó tirẹ̀, ní ìgbà kòkó méjì, kí wọ́n sì máa fún un ní owó ìtọ́jú ọgbà lóṣooṣù láti ìsinsìnyí lọ. Ó yẹ kí wọ́n ti ṣe ìyẹn tipẹ́.

Ìjà tó le jù ni bí wọ́n á ṣe pín owó ilé. Ìdí-igi kìíní ní ọmọ méje, wọ́n ní orí-ojorí ni kí wọ́n fi pín in, iye ọmọ ni kí wọ́n wò, kí olúkúlùkù gba tirẹ̀. Àwọn obìnrin mẹ́ta ní ìdí-igi ni, ìpín kan fún ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ yìí ti dé Lọ́ńdọ̀nù rí: ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, ìyàwó mẹ́rin, ọmọ mẹ́sàn-án, ní 1962 ni Privy Council, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún Nàìjíríà nígbà náà, fọwọ́ sí i pé ìdí-igi ni àṣà Yorùbá, àti pé bí aáwọ̀ bá wà, olórí ẹbí lè ní kí wọ́n lo orí-ojorí. Gbogbo ojú wá dọ̀dọ̀ Bàbá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ìyàwó mẹ́rin, kò fẹ́ méje." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n pín in sí, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ owó àtúnṣe.

Lẹ́yìn èyí ni mo wá jókòó kọ àdéhùn tuntun. Olórí ẹbí ló fi ilé gbélé lórúkọ ẹbí, ẹnì kọ̀ọ̀kan láti ìdí-igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì fọwọ́ sí i. Owó ilé á máa lọ sí àpò ìfowópamọ́ ẹbí, èèyàn méjì ló ń fọwọ́ sí i kí owó tó jáde, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ọmọ ìyàwó kẹrin. A fẹsẹ̀ rin ààlà ilẹ̀ ayálégbé: ilé, ọ̀dẹ̀dẹ̀, ilé ìdáná, àti ilẹ̀ ẹ̀yìn títí dé ìdí igi gúáfà. Pèpéle kò sí nínú rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá títí di ìparí oṣù kìíní, kòkó ló ni ín. Àwọn obìnrin gbà pé àwọn kò ní bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí aago méje tó lù, àyàfi bí òjò bá fẹ́ rọ̀. Ní oṣù yòókù, ayálégbé lè gbé àga síbẹ̀, ó lè gbé mọ́tò síbẹ̀. Ẹbí á ṣe àtíbàbà fún mọ́tò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítọ́ọ̀, níbi tí àgbọn kò ti lè jábọ́ lé e. ₦60,000 tó san á yọ nínú owó ilé ọdún tó ń bọ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú ìwé náà ni apá tó sọ nípa ọjọ́ tí ọgbà kì í dákẹ́. Kérésìmesì àti Àjíǹde, gbogbo ẹbí á wálé. Jẹnẹrétọ̀ á kú ní aago mẹ́wàá alẹ́, wọn kò sì gbọ́dọ̀ ta kánópì síwájú ilé kékeré. Bí òkú bá ṣẹ̀ ní ẹbí, ojúde pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n á ti ṣe ìnáwó, wọ́n á sì sọ fún ayálégbé ṣáájú kó lè lọ lo ọjọ́ díẹ̀ níbòmíràn bó bá wù ú. Nígbà tí mo ka ibẹ̀ jáde, olórí ẹbí na ọ̀pá sí mi. "Ìwọ akọ̀wé yìí, ìsìnkú mi lo ti ń kọ sínú ìwé yẹn o." Mo ní, "Bàbá, ẹ ṣì máa pẹ́." Ó ní, "Fi í síbẹ̀, fi í síbẹ̀."

Ìyàwó ayálégbé wá fi ohùn kékeré béèrè bóyá a lè kọ nǹkan nípa odó ọ̀sán. Kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ fi bú sẹ́rìn-ín. Bàbá ní, "Ìyẹn ni a kò lè kọ sínú ìwé ní Èkìtì." Òun náà rẹ́rìn-ín.

Mo máa ń rí àwọn fọ́tò irú ilé yìí lórí WhatsApp báyìí, ilé ìgbà kòkó, ilé míṣọ́ọ̀nù, ilé àwọn ìjòyè, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ibi ìsinmi ni. Mo máa ń wo ilẹ̀ iwájú ilé nínú fọ́tò náà, kí n tó wo ilé. Bí mo bá rí sìmẹ́ńtì gbígbòòrò, mo máa ń fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń sá síbẹ̀, àti nínú oṣù wo.

Àwọn obìnrin mẹ́ta náà gbé ọlọ àti bẹ́ẹ̀dì ìyá wọn lọ sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n sun èyí tó bàjẹ́ nínú aṣọ, wọ́n sì pín èyí tó ṣẹ́ kù. Ayálégbé kó búlọ́ọ̀kù rẹ̀ kúrò, wọ́n fi ṣe ìdí àtíbàbà. Oníkọ́kọ́rọ́ san ìdajì gbèsè rẹ̀ ní ìgbà kòkó tó tẹ̀ lé e. Ìdajì kejì ṣì ń falẹ̀, torí kòkó ọ̀hún kò so dáadáa. Ọdún méjì àkọ́kọ́ ti pé báyìí. Ẹbí fẹ́ fi owó lé owó ilé. Ayálégbé ní òun kò kọ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ fi owó àtúnṣe pààrọ̀ páànù ilé ìdáná tó ń jò. Wọ́n ti sún ìjókòó lórí rẹ̀ di ẹ̀yìn Àjíǹde, wọ́n sì ti ní kí n wá.